Orin Tí A Kì Í Sáré Tẹ̀

Nígbà tí ìyá àgbà mi jáde láyé, àwọn ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sí ojú ewé kan péré fún ìwé ètò ìsìnkú. Mo kọ orúkọ wọn. Mo kọ ọ́ pé ọmọ bíbí Ìlíṣàn Rẹ́mọ ni wọ́n, pé àwọn ni wọ́n ń tẹ dùùrù ìjọ wa láti ìgbà tí irun orí wọn ti dúdú kirikiri títí ó fi funfun báláú. Alàgbà ìjọ ní kí n má kọ ọ́ pé wọ́n kú, kí n kọ ọ́ pé wọ́n sùn. Kò burú. Mo kọ "sùn". Ṣùgbọ́n èmi tí mo di ọwọ́ òsì wọn mú láàárọ̀ ọjọ́ náà mọ ohun tí mo rí.

Ojú ewé kan náà tán, n kò sì tíì sọ nǹkan kan. Mi ò sọ ọ́ pé orin kan wà tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré tẹ̀ láyé. Mi ò sọ ọ́ pé ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi bẹ̀ mí kí wọ́n tó lọ ni pé kí n bá wọn tọ́jú ìrìn orin yẹn, kí ó má di eré lẹ́yìn àwọn. Wọn kò bẹ̀ mí nítorí ilé, wọn kò bẹ̀ mí nítorí aṣọ. Orin ni, wọ́n sì mọ̀ pé oníwàdùwàdù ni mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ èyí, kí ọkàn mi lè fúyẹ́ díẹ̀.

Rágítáìmù ni wọ́n ń pe irú orin náà, orin àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Ìyàwó òyìnbó ajíhìnrere kan tí ìyá àgbà mi bá gbé nígbà ọmọge ló kọ́ wọn ní píánò. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sí ìlú wọn, ó fi píánò ọ̀hún ta ìyá àgbà mi lọ́rẹ, pẹ̀lú àwọn bébà orin tó wà nínú àpótí ìjókòó rẹ̀. Orin ìjọ ló kún ibẹ̀. Ẹyọ kan péré ni rágítáìmù, ẹni tó kọ ọ́ sì ti kìlọ̀ lókè bébà pé kí a má ṣe sáré tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sọ bí a ṣe máa rọra tó. Ibẹ̀ gan-an ni èmi pẹ̀lú ìyá àgbà mi ti ń jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ọwọ́ òsì ni í rìn: òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, bí ẹni tó ń ti oko bọ̀ tí kò sí ohun tó ń lé e. Ọwọ́ ọ̀tún ni í ṣeré lórí ìrìn yẹn. Á yọ síwájú, á fà sẹ́yìn, á fo ibi tí o rò pé ó máa tẹ̀, á wá tẹ ibi tí o kò retí. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ló máa ń tan èèyàn. Á máa ṣe ẹ́ bíi kí o sáré. O bá sì sáré, gbogbo ẹwà orin náà á di ariwo, bí gúgúrú tó ń ta nínú ìkòkò.

Èmi kì í tẹ ìlà méjì kí n tó bẹ́ sí eré. Ìyá àgbà mi kì í pariwo lé mi lórí. Wọ́n á kàn dúró síbi tí wọ́n bá wà, bóyá nínú ilé ìdáná, wọ́n á ní, "Dúpẹ́, ta lò ń sáré fi sílẹ̀?" Àwàdà ni mo pè é. Èmi náà á fèsì pé, "Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi, Ìyá Àgbà."

Píánò yẹn, ọmọ ni wọ́n fi ṣe. Wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú agolo tí wọ́n bu kẹrosíìnì sí, kí ikán má bàa gùn ún. Wọ́n gbé abọ́ èédú sínú ikùn rẹ̀ nígbà òjò, kí èédú lè fa ọ̀rinrin mu. Síbẹ̀, nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí ìka ń tẹ̀, ọ̀kan wà láàárín gbùngbùn tí kò dún mọ́. O lè tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní fọhùn. Kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe ní gbogbo agbègbè wa. Ìyá àgbà mi kò yọ ara wọn lẹ́nu. Bí orin bá dé ibẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń kọ ohùn náà, "hùn," wọ́n á sì máa bá a lọ. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kàn fo ibẹ̀, wọ́n ní, "Nítorí pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ká wá ṣe bíi pé kò sí níbẹ̀?"

Ilé onísábáàtì ni ilé wa. Bí oòrùn bá ti wọ̀ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ́, Ọjọ́ Ìsinmi ti dé nìyẹn. A ti se oúnjẹ, a ti lọ aṣọ, kò sì sí iṣẹ́ tàbí eré ayé kankan mọ́ títí oòrùn ìrọ̀lẹ́ Sátidé á fi wọ̀. Rágítáìmù kò gbọdọ̀ yọjú láàárín ìgbà yẹn. Ìyá àgbà mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo òrùlé páànù aládùúgbò wa. Bí pupa oòrùn bá ti kúrò lórí páànù yẹn, a ó gbàdúrà ìparí Ìsinmi. Bí a bá ti ṣe àmín báyìí, wọ́n á ṣí píánò.

Ní Sátidé kan nígbà òjò, mo ṣì kéré, ìkùukùu bo ojú ọ̀run, inú ilé ṣókùnkùn. Mo wo orí páànù, mi ò rí pupa kankan, mo bá gbà pé oòrùn ti wọ̀. Ìyá àgbà mi ń sinmi ní yàrá. Mo ṣí píánò, mo da rágítáìmù bolẹ̀, eré àsápajúdé. Àṣé Alàgbà ìjọ ń bọ̀ wá kí wa! Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agboòrùn. Kò tíì la ẹnu tí ìkùukùu fi yà, tí oòrùn yọ gbòò, tó mọ́lẹ̀ sórí páànù bí ọ̀sán gangan.

"Háà! Orin ilé ijó! Nínú ilé ẹni tó ń tẹ dùùrù fún wa! Lọ́jọ́ Ìsinmi!"

Ìyá àgbà mi jáde síta, wọ́n ń wé gèlè. "Ẹ má bínú, Alàgbà. Ìkùukùu ló tan ọmọ náà jẹ. Ẹ jókòó, oòrùn máa wọ̀ láìpẹ́." Wọ́n bu omi fún un. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo páànù, èmi sì fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí oòrùn wọ̀ lóòótọ́, wọ́n gbàdúrà, ìyá àgbà mi wá tẹ orin náà fún Alàgbà bó ṣe yẹ ká tẹ̀ ẹ́. Bàbá náà gbọ́ ọ parí. Orí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, kò mọ̀. Síbẹ̀ ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìgbìmọ̀ ìjọ, àwọn ìgbìmọ̀ sì ní kí ìyá àgbà mi yàn nínú méjì, dùùrù ìjọ tàbí orin ijó.

Ìyá àgbà mi dìde láàárín ìgbìmọ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá lè fi ìrìn orin yìí jó ijó ẹ̀ṣẹ̀, kó bọ́ síta, kó jó o kí n rí i." Kò sẹ́ni tó jó. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ò yí ẹnu padà, ìyá àgbà mi náà ò yí tiwọn padà. Wọ́n fi dùùrù sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì bí àlejò, ìjọ ń kọrin láìsí dùùrù, ohùn ń gba ọ̀tún, ohùn ń gba òsì. Mo rò pé inú wọn á dùn sí ìyẹn. Inú wọn ò dùn rárá. Wọ́n máa ń sunkún bí a bá ti ń ti ìsìn bọ̀. Nígbà tó yá, Alàgbà fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ wọ́n nílé, wọ́n sì padà sídìí dùùrù láìjẹ́jẹ̀ẹ́ ohunkóhun. Mo ní wọn ì bá ti jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ti padà wá bá ọ, má bi í pé kí ló dá a dúró."

Àbúrò wọn obìnrin kan wà, Ìyá Ẹ̀pẹ́ là ń pè wọ́n, torí àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ti ń ṣòwò obì. Mùsùlùmí ni Ìyá Ẹ̀pẹ́, ẹnu wọn mú, orúnkún wọn kò dá mọ́, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Àwọn méjèèjì kì í ríra kí wọ́n má jà. Ìyá àgbà mi á se ìkọ́kọrẹ́ láìsí edé, torí pé àwa kì í jẹ edé nínú ìjọ wa. Ìyá Ẹ̀pẹ́ á tọ́ ọ wò, wọ́n á sọ síbí sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé oúnjẹ lẹ sè yìí àbí ẹ fẹ́ fìyà jẹ mí?" Wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán. Bí Ìyá Ẹ̀pẹ́ bá ń lọ, ìyá àgbà mi á sìn wọ́n dé títì tí mọ́tò Ṣàgámù ń gbà. Ọ̀nà kékeré ni, ṣùgbọ́n ó máa ń gbà wọ́n lásìkò, torí ìyá àgbà mi, tí ara wọn le koko nígbà náà, kì í fẹsẹ̀ kan ṣáájú ọ̀pá àbúrò wọn. Èmi á ti dé títì, màá ti dúró títí, màá máa pòṣé. Lójú ọ̀nà, mi ò rí i kí wọ́n fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sẹ́yìn rí.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn, mo rí kásẹ́ẹ̀tì rágítáìmù rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Orin tiwa gan-an wà nínú rẹ̀! Inú mi dùn débi pé mo wọkọ̀ wálé ní Jímọ̀ọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀wọ́n epo wà lóde. Epo tán nínú mọ́tò wa ní Ògèrè, ìyà jẹ mí kí n tó rí ọ̀kadà tó gbé mi. Mo fara dà á títí oòrùn Sátidé fi wọ̀, mo wá ki kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ̀ ọ́n tẹ̀, àbùkù kò sí. Ìka rẹ̀ ń dún tàtàtà bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí páànù. Ìyá àgbà mi káwọ́ lé ẹsẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ parí. Mo ní, "Ẹ rí i, Ìyá Àgbà? Báyìí ni gbogbo ayé ṣe ń tẹ̀ ẹ́." Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló dé ibi tó ń lọ."

Inú bí mi. Mo rò pé orí kunkun àgbà ni.

Ọdún kan ṣáájú ikú wọn, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé wọn ṣánlẹ̀. Ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wúwo, ṣùgbọ́n ó yéni bí a bá fara balẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, oòrùn wọ̀, a gbàdúrà, wọ́n fi ojú júwe píánò fún wa. A gbé wọn síbẹ̀. Ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ìrìn lásán, kò séré, kò sẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, yára wọ yàrá lọ, a sì gbọ́ ẹkún wọn láti ibẹ̀.

Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ apá tó kù. Kò pẹ́, mo ti sá ṣáájú. Wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Dúró dè é." A tún bẹ̀rẹ̀, mo tún sá. "Dúró dè é, Dúpẹ́." Ara mi gbóná. Mo ké, "Ta ni kí n dúró dè, Ìyá Àgbà? Ta ni?" Omijé kan ń ṣàn lójú ẹ̀gbẹ́ tó ti kú, wọn kò sì gbé ọwọ́ òsì kúrò lórí píánò láti nù ún.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi ọ̀pá gbá mi lẹ́sẹ̀ pé kí n dìde, wọ́n mú mi lọ sídìí kàǹga.

"Ṣé wọn ò sọ ọ̀rọ̀ Tinú fún ọ rí ni?"

Mo ní rárá. Àwòrán ọmọbìnrin kan wà ní pálọ̀, mo kàn mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó kú ní kékeré ni.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní àkọ́bí ni Tinú, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́. Bí Ìsinmi bá ti parí, àwọn ọmọ agboolé máa ń to ìlà yí ilé po, wọ́n á máa yan bíi sójà, ìyá àgbà mi á sì máa tẹ rágítáìmù fún wọn láti ojú fèrèsé. Ìyára tí gbogbo ayé fi ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn. Àwọn ọmọ á yan lọ fàà, Tinú á kù sídìí kàǹga yìí, á máa fa ẹsẹ̀, á máa ké pé kí wọ́n dúró de òun. "Ìyá rẹ náà wà lára àwọn tó ń sáré. Ọmọdé ni wọ́n, kí ni wọ́n mọ̀?" Ní Sátidé kan ìyá àgbà mi gbójú sókè, wọ́n rí i láti fèrèsé. Wọn kò na ẹnikẹ́ni. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n kàn fa orin náà sílẹ̀ títí ó fi bá ẹsẹ̀ Tinú mu, wọ́n sì fi òfin lé eré náà pé ẹni tó bá ṣáájú orin, kó jáde. Ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, àwọn eléré sísá jáde. Tinú nìkan ló yí ilé náà po dé òpin.

"Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀," ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ wí. "Bí wọ́n ṣe ń yan nìyẹn títí ọyẹ́ fi dé, tí ibà wá mú un lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti píánò pa fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n tún ṣí i, ìrìn Tinú ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Wọn ò yí i padà mọ́. Bí ẹ̀yin bá sáré tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ ti fi ọmọ náà sílẹ̀ sídìí kàǹga nìyẹn."

Mo padà wọlé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá mi lórí pẹ̀lẹ́, wọ́n wá bẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Èmi ò ní sí níbí láti máa rìn ín. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kó di eré." Ìyá àgbà mi, tí kò bẹ ìgbìmọ̀ ìjọ! Mo ní, "Màá gbìyànjú, Ìyá Àgbà." Láti ọjọ́ náà, bí Jímọ̀ọ́ bá ti dé, mò ń wálé láti Ìbàdàn. Bí oòrùn Sátidé bá wọ̀, àwọn ń fi ọwọ́ òsì rìn, èmi ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣeré. Mo ń kọ́ ọ, mo ń ṣì í. Lọ́jọ́ tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n, wọ́n kú.

Kí n sọ òtítọ́, ìrora yìí ò tíì rọlẹ̀. Mo ṣì máa ń dúró de ohùn wọn láti ilé ìdáná.

Ẹ̀yìn ilé la sin wọ́n sí. Òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ gbé pósí láti pálọ̀, wọ́n ní láti gbé e yí ilé po kí wọ́n tó dé ibojì, ọ̀nà tí àwọn ọmọ ti ń yan nígbà kan. Mi ò lè tẹ̀ lé wọn. Mo dúró sójú fèrèsé nídìí píánò, mo sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìró òjò ń bọ̀ láti ọ̀nà oko, ará ilé ń ṣí agboòrùn, ẹnì kan ní, "Ẹ jẹ́ ká yára o, kó má bá wa!" Àwọn tó gbé pósí bá mú ìrìn kánkán. Gbogbo èrò yára tẹ̀lé wọn.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ kù sídìí kàǹga. Ọ̀pá wọn rì sínú ẹrẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ síwájú, wọ́n ń ké pe pósí náà, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró dè mí o! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró!" Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó. Mo ṣí píánò, mo fi ọwọ́ òsì rìn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó fẹ́ sáré. Mo ní, "Dúró dè é." Mo fà á sílẹ̀, mo fà á sílẹ̀, títí ó fi bá ọ̀pá Ìyá Ẹ̀pẹ́ mu. Mo wá fi ọwọ́ ọ̀tún sí i. Nígbà tí orin dé ibi kọ́kọ́rọ́ tí kò dún, mo fi ẹnu kọ ọ́, "hùn," mo sì ń bá a lọ. Níta, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé pósí wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú ìrìn náà, tẹnìkejì bọ́ sí i, títí gbogbo wọn fi ń rìn ín. Alàgbà gbójú sókè wo fèrèsé. Ó pa Bíbélì dé, òun náà rọra ń tẹ̀lé wọn. Òjò dé, ó ń pa wọ́n, kò sì sẹ́ni tó sá. Ìyá Ẹ̀pẹ́ lé wọn bá, wọ́n gbé ọwọ́ lé pósí, wọ́n jọ yí igun ilé, mi ò rí wọn mọ́.

Mo tẹ̀ ẹ́ parí. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́yìn, àfi èmi tí mo jókòó sídìí píánò.